Asẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Lókè Agége

"Ìràwọ̀ wo lo fẹ́ rí ní Agége?"

Ìbéèrè tí ìyá onílé wa bi mí nìyẹn, lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé tẹlisíkóòpù gun orí déẹ̀kì. Ó gbójú sókè, ó rí ohun tí èmi náà ń rí: sánmà tó pọ́n rúsúrúsú, iná tí àwọn ilé iṣẹ́ tàn yí ògiri wọn ká láti Ògbà títí dé Ọba Akran, àti bàálù kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, tí iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ohunkóhun tó wà lókè lọ. Mo ti ka ìràwọ̀ kí Mọ̀mí tó dé. Wọn ò pé ogún.

"Mọ̀mí, ìràwọ̀ tó ń kú ni mo wá wò, mà."

"Ikú kẹ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i." Ó tún ìró rẹ̀ so, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn oníléeṣẹ́, ni àdúgbò yìí ti ń tanná mọ́jú. Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ ní 1962, Cadbury wà ní Agídíngbí, àwọn aláṣọ, oníke àti onírin tò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọba Akran, iṣẹ́ alẹ́ kì í sì í dá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó la sánmà já bí ọ̀nà funfun, àfi kó wọkọ̀ lọ sí oko. Gbogbo àwọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ wọ̀nyẹn ní, gbogbo àwọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ Èkó náà ní, wọ́n sì ti dà pọ̀ bí omi àti mílíìkì. Kò sẹ́ni tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára ìkejì.

Ṣùgbọ́n irú ohun kan wà lókè tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣeé yọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní planetary nebula. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán rẹ̀ láti àárín Agége, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ṣeé ṣe, nítorí ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbà pé ojú ọ̀run kì í ṣe tiwọn, pé tàwọn tó ní ilé ìwòràwọ̀ ńlá lórí òkè ní Chile àti Hawaii ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Bí iyọ̀ bá ta sínú iná sítóòfù, iná tó ń jó búlúù á yí padà lójú ẹsẹ̀, á di àwọ̀ ìyeyè. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ló ṣe é. Sódíọ̀mù yìí kan náà ló wà nínú àwọn iná òpópónà aláwọ̀ ìyeyè tó gbòde kí iná LED funfun tó dé. Bí a bá gbé ìmọ́lẹ̀ sódíọ̀mù gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta, kò ní tẹ́ sílẹ̀ bí òṣùmàrè. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fara kanra la ó rí níbi àwọ̀ ìyeyè, ibi ìyókù á sì ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gáàsì tó gbóná tó sì fẹ́lẹ́ ṣe ń ṣe: kì í tan gbogbo àwọ̀, tirẹ̀ nìkan ló ń tàn. Ilà ojú ni. Ẹni tó mọ ilà, bó bá rí pélé tàbí àbàjà, ó ti mọ ibi tí ẹni náà ti wá kó tó lanu sọ̀rọ̀.

Planetary nebula jẹ́ gáàsì tó fẹ́lẹ́ gidigidi, ilà ojú rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn tó hàn jù ni pupa ti háídrójìn, ní 656 nánómítà, àti méjì ti ọ́síjìn, ní 496 àti 501, tí àwọ̀ wọn wà láàárín ewé àti aró. Asẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi síwájú kámẹ́rà, gíláàsì pẹlẹbẹ ni, kì í jẹ́ kí ohunkóhun kọjá yàtọ̀ sí àwọn àwọ̀ mélòó kan yìí. Bí a ti ń sẹ́ ògì ni: èèrí á dúró sókè, ògì á sọ̀ kalẹ̀. Iná fákítìrì, iná ṣọ́ọ̀bù, iná mọ́tò, púpọ̀ nínú wọn ló di èèrí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ṣiṣẹ́, mo jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Kí ló mú kí gáàsì náà máa tàn? Ìràwọ̀ tó bá jọ oòrùn wa máa ń jó háídrójìn inú rẹ̀ fún nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 ọdún. Oòrùn tiwa ti lo bílíọ̀nù 4.6. Nígbà tí háídrójìn bá tán ní àárín rẹ̀, ìràwọ̀ náà á wú, á pọ́n, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó ara rẹ̀ bí àlùbọ́sà. Kò bú gbàù. Afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ló ń gbé awọ náà lọ ní ìpele-ìpele, títí ọkàn rẹ̀ tó gbóná yóò fi yọ síta. Ọkàn náà kéré gan-an sí oòrùn, síbẹ̀ ó wúwo ju ìdajì oòrùn lọ. Nínú nẹ́búlà M57, tí wọ́n ń pè ní Òrùka, ooru ojú rẹ̀ lé ní 100,000 dígírì. Ìtànṣán tí ojú èèyàn kò lè rí ń tú jáde lára rẹ̀, ó sì ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára gáàsì tí ìràwọ̀ náà ti bó sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni gáàsì á tàn, bí gáàsì inú túùbù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ilé ọtí ní òpópónà Allen ní Ìkẹjà.

Kì í pẹ́. Gáàsì náà ń fẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láàárín 10,000 sí 20,000 ọdún á sì ti fọ́n ká. Mo jókòó ṣe ìṣirò yìí lọ́jọ́ kan: bí a bá fi ayé ìràwọ̀ náà wé ti ẹni tó lo 80 ọdún, àkókò tó fi ń tàn báyìí kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pọ̀. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún bílíọ̀nù ìràwọ̀ tó bá oòrùn wa gbé, 3,000 sí 4,000 irú rẹ̀ péré ni wọ́n tíì rí. Inú irú àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú kábọ́nù àti náítírójìn tó wà ní àgbáyé ti jinná. Èéfín dúdú tó ń ti ẹnu jẹnẹrétọ̀ àdúgbò wá bà sórí gíláàsì tẹlisíkóòpù mi, kábọ́nù ni. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń nù ún.

Orúkọ náà, planetary nebula, ń da ọ̀pọ̀ láàmú, nítorí kò kan plánẹ́ẹ̀tì rárá. William Herschel ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Olórin ni, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Bath, ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló sì ti ṣàwárí plánẹ́ẹ̀tì Uranus ní 1781. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nẹ́búlà róbótó, wọ́n jọ Uranus lójú rẹ̀, orúkọ bá lẹ̀ mọ́ wọn. Ohun tó rí ní 13 November 1790 ló wú mi lórí jù. Títí di ọjọ́ náà, èrò rẹ̀ ni pé gbogbo nẹ́búlà jẹ́ ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dà pọ̀ lójú. Ó wá rí NGC 1514: ìràwọ̀ kan ṣoṣo, tí ìmọ́lẹ̀ bí ìkùukùu yí i ká. Ó yí èrò rẹ̀ padà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yí i padà.

Ẹni tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni William Huggins, tó fi òwò aṣọ síliki ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa wo ìràwọ̀ ní ilé rẹ̀ ní Tulse Hill, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Brixton àti Peckham, ibẹ̀ ò jìnnà sí wọn. Ní 29 August 1864, ó gbé ìmọ́lẹ̀ nẹ́búlà Ojú Ológbò, NGC 6543, gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta. Ó retí òṣùmàrè, ìlà ló rí. Gáàsì ni! Àmọ́ àwọn ìlà tó mọ́lẹ̀ jù kò bá ti ohunkóhun tí wọ́n mọ̀ láyé mu, wọ́n bá sọ ohun tó ń mú un wá ní nebulium, bí ẹni pé àlejò tuntun kan ló dé. Ó di 1927 kí Ira Bowen ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ọ́síjìn ni, ọ́síjìn tí à ń mí símú yìí, tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nínú gáàsì tó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sínú ìgò. Ọdún 63 ni wọ́n fi wo ilà ojú ọmọ ilé láì dá a mọ̀.

Olórin àti oníṣòwò aṣọ. Mo máa ń dárúkọ àwọn méjèèjì fún àwọn ọmọ tó bá gun déẹ̀kì wá.

Irinṣẹ́ tèmi ò tóbi. Seestar S50 ni, èyí tó jáde ní 2023: awò iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50, asẹ́ wà nínú rẹ̀, fóònù la fi ń darí rẹ̀. Nǹkan bí 500 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Owó ńlá ni lọ́dọ̀ wa, àwa mẹ́ta la dá àjọ rà á, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ la sì ń gbé e fún ara wa. Kó tó di ìgbà yẹn, mo ti fi tẹlisíkóòpù àtijọ́ kan jìyà. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù á ní kó o kọ́kọ́ wá ìràwọ̀ àríwá, kó o to irinṣẹ́ rẹ sí ọ̀kánkán rẹ̀. Dígírì 6.6 ni Ìkẹjà fi wà lápá àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà dígírì 6.6 péré ni ìràwọ̀ yẹn fi ga kúrò nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn táǹkì omi aládùúgbò ló wà, nínú kùrukùru. Oṣù méjì ni mo fi wá a kí n tó jáwọ́.

Èrè tó wà nínú ibi tí a wà kò sí nínú ìwé wọn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí apá ojú ọ̀run tí kì í yọ sí wa. M57 tí àwọn ará Yúróòpù ń fi ṣe fọ́nńté ń ga tó dígírì 63 lókè Agége. NGC 3132, Òrùka Gúúsù, tí kì í yọ rárá ní Lọ́ńdọ̀nù, ń ga tó 43. Èrè mìíràn tún wà. Àwòrán tí irú tẹlisíkóòpù tèmi ń yà máa ń yí díẹ̀díẹ̀ bí alẹ́ ti ń lọ. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, yíyí náà kò tó nǹkan, nítorí ìràwọ̀ ń yọ gbọọrọ sókè ni, wọn kì í gba ẹ̀gbẹ́.

Àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ẹ bá wo ẹyọ kan, ìràwọ̀ mélòó kan lẹ ó rí àti àmì wínníwínní tó bo gbogbo rẹ̀ bí iyanrìn, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ìlú àti kámẹ́rà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ohun tí alájọ ń ṣe lọ́jà la wá ń ṣe. Nẹ́búlà ń dá owó táṣẹ́rẹ́ rẹ̀ sí ojú kan náà nínú gbogbo àwòrán. Iyanrìn yẹn kì í ní ojú kan, ibi tó bá ṣe é ló ń já sí. Bí a bá kó àwòrán 360 léra, tó jẹ́ wákàtí kan gbáko, ìdá nẹ́búlà á ti di owó gidi, iyanrìn á sì ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Kí àwòrán tó lè mọ́ ní ìlọ́po méjì, àkókò gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, kò sí àbùjá. Bàálù tó bá gba inú ẹyọ kan kọjá, kọ̀ǹpútà á rí i pé àwọn 359 ìyókù ò ní in, á yọ ọ́ dànù. Èyí tí n kò tíì rí oògùn rẹ̀ ni kí ọmọdé sáré lórí déẹ̀kì. Sìmẹ́ńtì á mì, gbogbo ìràwọ̀ á sì nà bí òkínní.

Àkókò nínú ọdún ṣe pàtàkì ju owó lọ. Láti oṣù Kẹrin òjò ti ń gba ojú ọ̀run, nígbà tí òjò bá sì dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ìkùukùu kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Láti December, ọyẹ́ á gbé eruku aṣálẹ̀ dé, sánmà á funfun bí èlùbọ́ gbágùúdá. Oṣù November tó wà láàárín ni mo ń dúró dè. Òjò ti fọ afẹ́fẹ́, ọyẹ́ ò tíì wọlé. Oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú kíákíá lọ́dọ̀ wa, kò ju wákàtí kan àti díẹ̀. Kí agogo mẹ́jọ tó lù ní àárín oṣù náà, nẹ́búlà Helix, NGC 7293, ti wà lókè gúúsù ní dígírì 62, nǹkan bí 650 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa.

Ní November tó kọjá, mo kọjú sí i lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò wa. Iná fákítìrì kò lọ, tiwa nìkan ló lọ. Àwòrán 30 àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ní 60, mo rí àbàwọ́n kan, mo rò pé ìrì ló sẹ̀ sójú gíláàsì. Ní 150, àbàwọ́n náà ti ní ihò láàárín. Nígbà tó fi máa di 300, àwọ̀ ti yọ: aró tí wọ́n fi omi là láàárín, pupa bí osùn ní etí.

Àwọ̀ yẹn ní ohun tó ń sọ. Kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó lè já kúrò lára ọ́síjìn, ìtànṣán náà gbọ́dọ̀ le gan-an, èyí tó le bẹ́ẹ̀ kì í sì í rìn jìnnà kí gáàsì tó gbé e mì. Ibi tí aró wà ni ìdí ààrò. Ibi tí pupa wà, tí háídrójìn àti náítírójìn ń tàn, ni ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ooru ti rọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí lè fi ìka tọ́ka sí àwòrán, kó sọ bí iná ṣe pọ̀ tó níbì kọ̀ọ̀kan, láì tíì ka nọ́ńbà kankan.

Ìrísí wọn náà ṣì ń ṣi ojú lọ́nà. M27, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni rí, ni Charles Messier kọ sílẹ̀ ní 12 July 1764. Àwọn Òyìnbó rí i, wọ́n ní ó jọ irin tí àwọn alágbára ń gbé, wọ́n pè é ní Dumbbell. Èmi rí i, gángan ni mo rí: ojú méjì tó fẹ̀, ìbàdí tó sún. Ẹ gbé gángan, kí ẹ kọ awọ rẹ̀ sí ojú yín. Òrùka lẹ ó rí. Ẹ wá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé irú ìyàtọ̀ tó wà láàárín M57 àti M27 nìyẹn, pé ìbátan ni wọ́n, ibi tí a dúró sí ni kò jẹ́ kí wọ́n jọra.

Ta ló fún ìbàdí náà? Ìràwọ̀ tó dá wà ì bá tú ara rẹ̀ ká róbótó, nítorí náà wọ́n ń fura sí ìbejì: ìràwọ̀ kejì tó ń yí èyí tó ń kú ká, tó ń lọ́ gáàsì náà mọ́ra bó ti ń jáde. Ní 12 July 2022, ọjọ́ kan náà nínú oṣù tí Messier rí M27, wọ́n gbé àwọn àwòrán àkọ́kọ́ ti tẹlisíkóòpù James Webb jáde, Òrùka Gúúsù sì wà nínú wọn. Ìràwọ̀ méjì hàn kedere láàárín rẹ̀. Nígbà tó di December ọdún náà, onímọ̀ ìràwọ̀ Orsola De Marco àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ó lè jẹ́ pé ìràwọ̀ márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ má rò pé àwọn tó ní irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Ní 6 July 2008, Dave Jurasevich ń ya àwòrán apá ibì kan nínú àkójọ ìràwọ̀ Cygnus láti Amẹ́ríkà, ó rí róbótó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ kankan. Wọ́n ń pè é ní Soap Bubble báyìí, ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà ni àwọn méjì mìíràn tún rí i láì gbọ́ nípa tirẹ̀. Ní Faransé, àwọn tí kò gba owó oṣù kankan nídìí ìràwọ̀ ti to ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ jọ, pẹ̀lú asẹ́ bíi tèmi. Lọ́dọ̀ wa, Olayinka Fagbemiro àti ẹgbẹ́ Astronomers Without Borders Nigeria ń gbé tẹlisíkóòpù lọ bá àwọn ọmọ ilé ìwé. Ní 2019 sì ni wọ́n fún Nàìjíríà ní ìràwọ̀ HD 43197 láti sọ lórúkọ, a sọ ọ́ ní Amadioha, a sọ plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano. Ojú ọ̀run gúúsù, tí wọ́n kò rí dáadáa ní àwọn ìlú tí irinṣẹ́ pọ̀ sí, ló ń kọjá lórí àwọn òrùlé wa lálaalẹ́.

Lálẹ́ November yẹn, Mọ̀mí gun òkè wá, ó di àtùpà mú. Mo gbé fóònù sí i lọ́wọ́. Ó sún un jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra.

"Ẹyinjú ni."

"Ìràwọ̀ tó ń kú yẹn ni, mà."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ó ti kú tán báyìí?"

"Rárá, mà. Ó ṣì gbóná gan-an láàárín. Á pẹ́ kó tó tutù."

Ó da fóònù padà fún mi, ó fi ọwọ́ kan orí tẹlisíkóòpù náà bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan orí ọmọ. "Ìrì ti ń sẹ̀ sí i lára. Lọ mú aṣọ wá fún un."

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ mú aṣọ, mo sì gbàgbé pé èmi gan-an ń mi déẹ̀kì. Nígbà tí mo padà dé, nọ́ńbà ojú fóònù ti di 412, ó ṣì ń kà.